Ta Ni Ẹ Gbé Sí Kíláàsì Kìíní? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ilé Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Tí Ìjọ Dá Sílẹ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo tún ní ẹ káàárọ̀ o!

Ẹ̀yin àlùfáà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé, Bàbá Ìjọ, Ìyá Ìjọ, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ pa ọjà Sátidé tì nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ kú owó oṣù tó ń pẹ́ kó tó dé. Mo rí i pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ò rẹ́rìn-ín. A máa dé orí ìyẹn náà.

Àkòrí tí wọ́n fún mi ni bí ẹ̀kọ́ ṣe lè jinlẹ̀ ní ilé ìwé kékeré tí ìjọ dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, mi ò ní lè sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ibi tí mò ń lọ, kí ẹni tó bá ní òde tó ń lọ lọ́sàn-án yìí má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Ibi tí ilé ìwé kékeré ti ń yè tàbí tó ti ń kú, kíláàsì kìíní sí ìkẹta ni. Kì í ṣe kíláàsì kẹfà. Kì í ṣe ọ̀dà ara ògiri. Kì í ṣe gáùn tí a ń wọ̀ fún àwọn ọmọ jẹ́léósinmi lọ́jọ́ ìparí ọdún, tí a fi ń ya fọ́tò. Ọmọ tó parí kíláàsì kẹta tí kò lè kàwé, kí ló fẹ́ fi kọ́ sáyẹ́ǹsì ní kíláàsì kẹrin? Kí ló fẹ́ fi ka ìbéèrè ìṣirò? Yóò kàn jókòó síbẹ̀ ni, á máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ, owó yín á sì máa wọlé fún ọdún mẹ́ta sí i.

Kí ni ìjọ ń wá tó fi dá ilé ìwé sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò díẹ̀. Ní 1843 ni àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní Àgbádárìgì. Ní 1846, Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wọ Abẹ́òkúta fún CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, kò sì pẹ́ tí ilé ìwé fi dúró níbẹ̀ náà. Kí ni wọ́n ń wá? Ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí Crowther ṣe ń túmọ̀ Bíbélì lápá kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ABD kọ́ tọmọdé tàgbà lápá kejì. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá fi parí ní 1884, àwọn tó lè kà á ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni iṣẹ́ ilé ìwé ìjọ gan-an, ìwé kíkà ni ó kọ́kọ́ wà fún. Orin ń bẹ, ìwà rere ń bẹ, àdúrà ń bẹ, àmọ́ ìwé kíkà ni òpó.

Ọdún mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ rántí ni 1955. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún náà ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000 lọ́dún kan náà. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ nínú wa tó jókòó síbí, lára rẹ̀ ni bàbá wa ti mọ̀ ọ́n kọ. Àmọ́ tíṣà tó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò tó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé tí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá ni wọ́n ń kó sí kíláàsì, ibi tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọn sí ni kíláàsì àwọn kékeré, torí àwọn èèyàn rò pé ta ni kò lè kọ́ ọmọ kékeré? Ìrò yẹn kò tíì kúrò láàárín wa títí dòní.

Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí St. Peter's, Mẹ́tọ́díìsì, Baptist lára pátákó ẹnu ọ̀nà, tó sì jẹ́ ìjọba ló ń san owó tíṣà. Kì í ṣe irú ìyẹn ni mò ń bá wí lónìí. Èyí tí ìjọ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà, tó ń gba owó ilé ìwé, tó ní ọmọ 60, 80, tàbí 100, tí àwọn kíláàsì rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú gbọ̀ngàn ìjọ, òun ni mò ń bá wí. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun la jókòó nítorí ẹ̀.

Ẹ yẹ̀ wọ́n wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ dára, kí la máa ń wò? Èsì kọ́mọ́n ẹ́ńtíráǹsì. Àìtètè mólè, olè ń mólóko! Ọdún kẹfà ti pẹ́ jù. Ẹ wo kíláàsì kẹta.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ mú réjísítà kíláàsì kẹta. Ẹ má jẹ́ kí tíṣà yan àwọn tó já fáfá fún yín. Bí ọmọ bá jẹ́ 30, orúkọ kẹta, kẹfà, kẹsàn-án, títí dé ọgbọ̀n ni kí ẹ pè, ẹ ó rí ọmọ mẹ́wàá. Ẹ kọ ìtàn kékeré kan tó jẹ́ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 60, tí kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ń lò, Yorùbá lójú kan, Gẹ̀ẹ́sì lójú kejì. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà. Ẹ pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan síbi tí àwọn yòókù kò ti ní gbọ́, torí tí wọ́n bá gbọ́, ẹni kẹrin yóò ka ìtàn náà láìwo ìwé. Ìṣẹ́jú kan fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó pè tó tọ̀nà, kí ẹ wá bi í ní ìbéèrè méjì: ta ló lọ sí odò? Kí ló sọnù? Ìwọ̀n tèmi ni pé bí ó bá pe ọ̀rọ̀ 40 lójú Yorùbá tó sì dáhùn méjèèjì, ọmọ yẹn ń kàwé. Bí mẹ́ta péré bá yege nínú mẹ́wàá, ẹ má pariwo, ẹ má lé tíṣà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi déètì sí i.

Ẹ ó rí oríṣi mẹ́ta láàárín àwọn tó kùnà, ohun tó ń ṣe wọ́n kò sì rí bákan náà. Àkọ́kọ́ kò mọ lẹ́tà rárá. Ẹ wo réjísítà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti máa pa ilé ìwé jẹ lọ́jọ́ ọjà, tàbí kí ó ti ilé ìwé mìíràn wá ní kíláàsì kejì tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkejì mọ lẹ́tà, kò mọ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ ló fi ń méfò: ó rí "ilé", ó pè é ní "ìlù", ó rí "dùùrù", ó pè é ní "dígí". Ìkẹta pe gbogbo rẹ̀ geere, kò sì mọ ohun tó kà. Lójú Gẹ̀ẹ́sì lẹ ó ti bá èyí pàdé jù.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọmọ tó há ìwé sórí. Ẹ ó rí i tó ń ka ìwé kíláàsì rẹ̀, inú yín á dùn, àmọ́ ẹ wo ìka rẹ̀. Ìka rẹ̀ wà lórí ìlà kẹta, ẹnu rẹ̀ ti dé ìlà kẹfà. Ẹ fọwọ́ bo ìlà méjì àkọ́kọ́, kí ẹ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín pé "kí lèyí?" Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ yẹn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Orin la kọ́ ọ, òun náà sì kọ ọ́ fún wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́

Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn àwọn òbí: kí ló dé tí mo fi ń pe Yorùbá ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé owó Yorùbá la wá san ni? Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ojú ilẹ̀ wa níbí.

Ní oṣù Kìíní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Bí ẹ ṣe gbọ́ orúkọ rẹ̀ yẹn, ilé ìwé ìjọ ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ló darí iṣẹ́ náà, Mùsùlùmí ni, ó sì padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Ford Foundation ló ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ pẹ̀lú owó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún odindi ọdún mẹ́fà. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì náà, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni wọ́n sì fi sí i. Wọ́n wá fi àwọn wọ̀nyí wé àwọn tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi gbogbo nígbà náà, Yorùbá ọdún mẹ́ta, kí gbogbo nǹkan tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin.

Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé, àwọn wo ló ṣe dáadáa jù? Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ni. Nínú ìṣirò ńkọ́? Àwọn ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Àwọn náà ni!

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí tàn yín, kí ó ní kí tíṣà kàn máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti parí. Àwọn ti Modákẹ́kẹ́ kọ ìwé tuntun ní Yorùbá fún àwọn iṣẹ́ náà. Wọ́n tún àwọn tíṣà kọ́. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò dọwọ́ ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀tọ̀ ni ká fi èdè ọmọ kọ́ ọmọ, ọ̀tọ̀ ni ká máa ṣe ìranù ní Yorùbá. Ohun tí mo mú níbẹ̀ fún ilé ìwé kékeré ni pé kí ọmọ kọ́ ìwé kíkà lédè tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, kí ó tó gbé ìwé kíkà náà lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹ bá sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà torí pé ó sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ohun tí ìyẹn ń kọ́ ọmọ ni pé kí ó panu mọ́.

Sáà kan, lẹ́tà 25

Ẹ̀yin tíṣà kíláàsì kìíní, ẹ mú bírò. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25: fáwẹ́lì méje, kọ́ńsónáǹtì 18. Sáà kan jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kọ́ fáwẹ́lì: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ẹnu wọn, kí wọ́n wo ẹnu ara wọn, torí e àti ẹ, o àti ọ, ẹnu la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, kọ́ńsónáǹtì méjì lọ́sẹ̀ kan. Méjì lọ́nà mẹ́sàn-án, méjìdínlógún nìyẹn. Ẹ ó parí ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ọ̀sẹ̀ kan á kù fún àtúnyẹ̀wò.

Ẹ má tẹ̀ lé ABD bó ṣe tò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú b, l, m, t, d, k, torí ọ̀rọ̀ tó rọrùn pọ̀ nínú wọn. Ẹ fi gb àti p sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá mọ b, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ó kà á mọ́ fáwẹ́lì: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Bí l bá wọlé, "ilé" ti ṣeé kà. Bí t bá wọlé, "ata" ti ṣeé kà. Ìró ni kí ẹ kọ́ wọn. Tíṣà tó ń pe l ní "ẹ́ẹ̀lì" fún ọmọ ń dí i lọ́wọ́ ni, torí kò sí "ẹ́ẹ̀lì" kankan nínú "ilé".

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbí, orin ni. Kíláàsì á máa fi ohùn kan ké "b-a, ba! b-e, be!" Ẹni tó wà níta á ní, háà, wọ́n ń ṣe dáadáa. Ẹ wọlé. Ọmọ mẹ́ta iwájú ló ń wo pátákó, àwọn tó wà lẹ́yìn ń wo alángbá lójú fèrèsé, gbogbo wọn ló sì ń ké. Ẹ ya orin náà sí ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Lẹ́yìn náà, ẹ gé páálí bísíkíìtì, kí ẹ fi mákà kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i, lẹ́tà 25 lọ́nà mẹ́rin, páálí 100 nìyẹn. Ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n tò ó. Ọmọ tó ń tò ó kò lè fi orin tàn yín.

Àmì ohùn ńkọ́? Ẹ fi sí i láti sáà kìíní, ẹ má sọ pé ó ti pọ̀ jù fún wọn. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá ti mọ ohùn kí ó tó dé ilé ìwé. Àmì nìkan ni kò mọ̀. Kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè fún mí, kí wọ́n tẹ́ ẹ gbọọrọ fún re, kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún dò. Igbá, ìgbà, igba: kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tó kọ ọ́. Ní sáà kejì ni àwọn fáwẹ́lì inú imú, an, ẹn, in, ọn, un, máa wọlé, pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú. Ní sáà kẹta, ìtàn. Bí ìwé ìtàn kò bá sí, ẹ ní kí ọmọ kan sọ ohun tó ṣe lánàá, kí tíṣà kọ gbólóhùn márùn-ún nínú rẹ̀ sára kádíbọ́ọ̀dù, kí gbogbo kíláàsì kà á. Kò sí ìwé tí ọmọ ń fẹ́ kà tó èyí tí orúkọ òun wà nínú ẹ̀.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ kan tún wà tí mi ò ní gbà kí ẹ yẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ 20, ẹ pe mẹ́rin lójúmọ́ kí wọ́n wá kàwé sí yín létí lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 12 péré ni. Láti Mọ́ńdè sí Fúráídè, gbogbo 20 ti kàwé sí yín létí. Bí ẹ bá mú pàṣán dání nígbà tí ọmọ ń kàwé, ojú pàṣán ni yóò máa wò, kò ní wo ìwé. Ẹ fi pàṣán sílẹ̀.

Ní kíláàsì kejì ni kí ìwé kíkà kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi c, q, v, x, z kún un, kí ẹ sì sọ fún wọn ní tààrà pé p Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe p tiwa, pé sh wọn ni ṣ wa. Tí ẹ kò bá sọ ọ́, ọmọ á máa fi Yorùbá ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó sì rò pé olódo ni.

Ọmọ 80, tíṣà mélòó?

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí orí tíṣà. Òfin ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó máa kọ́ni, ó kéré tán, kí ó ní NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ tún ní kí tíṣà kan má kọ́ ju ọmọ 35 lọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé wa kò ní ìṣòro ti 35 yẹn. Ìṣòro tiwa ni pé a ní kíláàsì mẹ́fà tí ọmọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nǹkan bí 13, a sì ń wá tíṣà mẹ́fà pẹ̀lú owó tí kò tó ti ẹni mẹ́rin.

Mo ní kí ẹ gba ẹni mẹ́rin. Kíláàsì kìíní ní tíṣà tirẹ̀, kíláàsì kejì ní tirẹ̀. Ẹ pa kẹta mọ́ kẹrin, kí ẹ pa karùn-ún mọ́ kẹfà. Ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń ṣe òdì kejì: wọ́n á pa kìíní mọ́ kejì torí pé wọ́n kéré, wọ́n á wá ya kẹfà sọ́tọ̀ torí ìdánwò. Àwọn ọmọ tí kò lè dá ṣe nǹkankan láìsí tíṣà nídìí wọn lẹ fẹ́ pín tíṣà láàárín wọn yẹn! Ọmọ kẹfà tó mọ̀wé kà lè dá ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ kìíní kò lè dá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nínú kíláàsì tí a pa pọ̀, ẹ la pátákó sí méjì pẹ̀lú ìlà tó nípọn. Kí iṣẹ́ àwọn kẹrin ti wà lójú pátákó kí àpéjọ òwúrọ̀ tó túká, kí wọ́n máa ṣe é nígbà tí tíṣà ń kọ́ àwọn kẹta fún ogún ìṣẹ́jú; lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀. Tíṣà tí kò bá ti kọ iṣẹ́ sójú pátákó ṣáájú, ariwo ni yóò fi gbogbo òwúrọ̀ pa. Kò sí ọgbọ́n mìíràn níbẹ̀.

Ta ni kí ẹ wá gbé sí kíláàsì kìíní? Ẹni tó dára jù lọ nínú àwọn mẹ́rin náà. Mo mọ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ràn láti fi onítọ̀hún sí kẹfà. Ẹ má gbà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ẹ̀kọ́ àfikún ọ̀sán, ìyẹn lẹ́sìn, tí a ń ṣe fún kíláàsì kẹfà láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹrin, ẹbọ yẹn náà ni.

Àkókò tí ìjọ ń jí gbé

Èyí máa dun àwọn àgbà ìjọ díẹ̀, ẹ forí jì mí. Bí àpéjọ òwúrọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ tó parí ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú 45 ti lọ. Orin kan, àdúrà kan, ìkéde, ìṣẹ́jú 20 tó o. Ìṣẹ́jú 25 tó kù yẹn, lọ́jọ́ márùn-ún, 125 ni; ní ọ̀sẹ̀ 12, 1,500 ìṣẹ́jú ni, wákàtí 25. Tí ilé ìwé bá ń kọ́ni fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àpéjọ òwúrọ̀ jẹ nínú sáà. A ò tíì ka ọjọ́ ìsọjí, a ò tíì ka ọjọ́ ìsìnkú tí wọ́n gba gbọ̀ngàn, a ò tíì ka bẹ́ńṣì tí wọ́n kó lọ síbi ìkórè tí kò padà wá títí di Wẹ́sídeè.

Ní ti gbọ̀ngàn: bí kíláàsì mẹ́rin bá wà nínú gbọ̀ngàn kan, ẹ má kọ pátákó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Kí àwọn méjì kọjú sí ìlà oòrùn, kí méjì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kí àwọn ọmọ kọ̀yìn síra. Páálí pílíwúùdù tó dé èjìká kò dí ariwo. Àfi kó ga ju orí àgbà lọ dáadáa. Kí gbogbo kíláàsì sì ké iṣẹ́ tí wọ́n máa ń ké ní wákàtí kan náà, kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè wà ní ìyókù. Àga ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, ti àgbà ni: ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ré dirodiro, orí itan ni yóò ti kọ̀wé. Bẹ́ńṣì tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà ló yẹ ẹ́, káfíńtà ìjọ lè kàn án lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Owó

Mo ṣèlérí pé a máa dé bẹ̀. Ká ní ọmọ jẹ́ 80, kálukú ń san ₦15,000 ní sáà kan. ₦1,200,000 nìyẹn. Ká ní tíṣà mẹ́fà ń gba ₦40,000 lóṣù, ₦240,000 lóṣù. Oṣù mẹ́rin ni kí ẹ kà fún sáà kan, ẹ má ka mẹ́ta, torí tíṣà ń jẹun nígbà ìsinmi. ₦960,000. Ó ku ₦240,000 fún ṣọ́ọ̀kì, ìwé àti àtúnṣe. Ó dà bíi pé ó tó, àbí? Tí ọmọ 20 kò bá san, ₦900,000 ló wọlé. Owó tíṣà nìkan ti kọjá ẹ̀. Ibẹ̀ ni owó oṣù ti ń pẹ́ kó tó dé, tí tíṣà kíláàsì kìíní fi ń lọ láàárín sáà, tí lẹ́tà 25 yẹn fi ń dúró sí mẹ́sàn-án.

Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 2024 ni ₦70,000. Òfin yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, àmọ́ ọjà kò yọ tíṣà sílẹ̀. Iye kan náà ni wọ́n ń ta gàrí fún un. Ẹ wò ó: tíṣà mẹ́rin ní ₦60,000, ₦240,000 lóṣù ni, iye kan náà tí ẹ̀ ń san fún mẹ́fà. Kí ìjọ wá fi ₦40,000 kún un lóṣoṣù látinú àpò ìjọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á gba ₦70,000. Kí ó wà nínú ìwé ìṣúná ìjọ bí owó iná ṣe wà níbẹ̀. Kí ó má jẹ́ ìlérí ìkórè. Ẹ ṣí àkáǹtì ilé ìwé sọ́tọ̀, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì yá owó ilé ìwé fún páànù ṣọ́ọ̀ṣì, bó ti wù kí òjò sún mọ́lé tó. Ẹ yan ọjọ́ kan, ọjọ́ 28, kí owó oṣù máa bọ́ sọ́wọ́ tíṣà lọ́jọ́ náà.

Bí nǹkankan bá ṣẹ́ kù, ẹ má ra ọ̀dà. Ìwé ìtàn kéékèèké ni kí ẹ rà, ìwé kan fún ọmọ méjì, kíláàsì kìíní sí ìkẹta. Ẹ má tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ìwé. Ìwé tó ya lọ́wọ́ ọmọ ti ṣiṣẹ́. Èyí tó mọ́ tónítóní nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò tíì ṣe nǹkankan.

Alága, ìtàn ọ̀rọ̀ 60 tí ẹ ó fi dán àwọn ọmọ kíláàsì kẹta wò, mo ti fi méjì sọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan fún báyìí, èkejì fún ìparí ọdún. Kí ìgbìmọ̀ gbà pé ẹ ó lo àkọ́kọ́ kí oṣù yìí tó parí, kí tíṣà ilé ìwé mìíràn bá yín kà á fún wọn. Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Ó ku ìbéèrè, mo sì bẹ̀ yín, kí àwọn tíṣà kọ́kọ́ béèrè kí àwọn àgbà ìjọ tó gba ẹ̀rọ.